Jẹjẹrẹ ẹ̀jẹ̀ ni wọ́n ń tọ́jú, ikọ́ ẹ̀gbẹ ló ń pa aláìsàn

Bí dókítà bá ti lè sọ fún mọ̀lẹ́bí kan pé jẹjẹrẹ ẹ̀jẹ̀ ló ń bá ọmọ wọn fínra, kò tún sí àìsàn mìíràn tó ń jọ wọ́n lójú mọ́. Orúkọ jẹjẹrẹ nìkan ti tó láti lé oorun kúrò lójú ìyá, kó sì tú àpò bàbá sóde. Bí ara ọmọ náà bá ń gbóná lóru, wọn á ní jẹjẹrẹ ló fà á. Bó bá ń rù, wọn á ní jẹjẹrẹ ni, àbí oògùn tí wọ́n ń fà sí i lára. Bó bá ń wúkọ́, wọn á ní òtútù wọ́ọ̀dù ló mú un. Dókítà pàápàá, pẹ̀lú gbogbo ìwé tó kà, lè bá wọn gbà bẹ́ẹ̀, nítorí gbogbo ohun tí wọ́n kà sílẹ̀ yìí ni jẹjẹrẹ ẹ̀jẹ̀ máa ń ṣe lóòótọ́. Àmọ́ kòkòrò tó ń jẹ obì, inú obì ló wà. Àìsàn kan wà tó lè wọ abẹ́ jẹjẹrẹ ẹ̀jẹ̀, kó fara pamọ́ síbẹ̀, kó máa pa èèyàn lọ díẹ̀díẹ̀, kí wọ́n sì máa fi gbogbo ẹ̀sùn rẹ̀ kan jẹjẹrẹ. Ikọ́ ẹ̀gbẹ ni, èyí tí àwọn mìíràn ń pè ní ikọ́ fée.

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ọ̀nà jíjìn. Kò sí orílẹ̀-èdè tí ikọ́ ẹ̀gbẹ pọ̀ sí ní ilẹ̀ Áfíríkà tó Nàìjíríà. Àjọ elétò ìlera lágbàáyé, WHO, ṣírò rẹ̀ pé 479,000 èèyàn ni àìsàn náà kọ lù níhìn-ín lọ́dún 2022 nìkan. Nínú ìlú tí ọ̀rọ̀ rí báyìí, ẹni tó ní jẹjẹrẹ ẹ̀jẹ̀ ń bá oníkọ́ ẹ̀gbẹ wọ dáńfó kan náà, ó ń bá a jókòó lórí bẹ́ǹṣì kan náà ní ọsibítù, àwọn mìíràn sì wà tó jẹ́ pé yàrá kan náà ni wọ́n jọ ń sùn nílé. Ó yẹ kí ìyẹn ti tó láti mú kí gbogbo dókítà tó ń tọ́jú jẹjẹrẹ ẹ̀jẹ̀ kọ́kọ́ wá ikọ́ ẹ̀gbẹ lára aláìsàn rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ìgbà ló jẹ́ pé òun ni wọ́n ń wá kẹ́yìn, nígbà tí gbogbo oògùn ti tán nínú àpò, tí ẹ̀mí náà sì ti fẹ́ bọ́.

Kí ọ̀rọ̀ náà lè yé èèyàn, ó dáa kó mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú egungun. Mùdùnmúdùn inú egungun ni ilé iṣẹ́ tí ara ti ń ṣe ẹ̀jẹ̀. Ibẹ̀ ni sẹ́ẹ̀lì pupa tó ń gbé afẹ́fẹ́ káàkiri ara ti ń jáde, ibẹ̀ náà ni sẹ́ẹ̀lì funfun, ìyẹn àwọn ọmọ ogun ara, ti ń jáde lọ bá àrùn jà. Ohun tí jẹjẹrẹ ẹ̀jẹ̀ ń ṣe ni pé àwọn sẹ́ẹ̀lì funfun tí kò wúlò fún nǹkan kan á máa bí sí i níbẹ̀, wọn á máa bí sí i, títí wọn yóò fi gba ilé iṣẹ́ mọ́ àwọn tó ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́. Ìdí nìyí tí iye sẹ́ẹ̀lì funfun fi lè pọ̀ lára irú aláìsàn bẹ́ẹ̀, kí ara rẹ̀ má sì ní ẹni tí yóò gbèjà rẹ̀. Ó dà bí àgọ́ ọlọ́pàá tí àwọn tó wọ aṣọ kún inú rẹ̀ fọ́fọ́, tí kò sì sí ẹni tó lè mú olè nínú wọn.

Ní ti ikọ́ ẹ̀gbẹ, WHO sọ pé nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́rin gbogbo èèyàn tó wà láyé ni kòkòrò rẹ̀ ti wọ ara wọn. Púpọ̀ nínú wọn kò ní ṣàìsàn náà títí ọjọ́ alẹ́ wọn, nítorí àwọn ọmọ ogun ara ti mọ odi yí kòkòrò náà ká, wọ́n sì tì í mọ́lé. Nínú ọgọ́rùn-ún irú èèyàn bẹ́ẹ̀, bíi 5 sí 10 ni yóò di àìsàn fún láyé wọn. Àwọn àgbà ní bí ògiri kò bá lanu, alángbá kò lè ráyè wọ ibẹ̀. Alángbá inú ọ̀rọ̀ yìí tiẹ̀ ti wà nínú ògiri tipẹ́, ìlanu ògiri ló ń dúró dè. Jẹjẹrẹ ẹ̀jẹ̀ ló ń la ògiri náà, àwọn oògùn tí wọ́n fi ń tọ́jú rẹ̀ sì tún ń fẹ ojú ihò ọ̀hún. Prednisolone àti dexamethasone, tí wọ́n máa ń fún àwọn ọmọdé tó ní irú jẹjẹrẹ ẹ̀jẹ̀ tó ń yára pani, a máa pa sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ dáadáa, ṣùgbọ́n wọ́n a tún máa kun àwọn ọmọ ogun tó kù lóorun. Fludarabine, tí àwọn àgbàlagbà ń gbà fún irú kan tó máa ń falẹ̀, a máa dín irú sẹ́ẹ̀lì tó ń ṣọ́ ikọ́ ẹ̀gbẹ kù gan-an.

Ẹni tó bá rò pé ọ̀rọ̀ àwọn tí kò rí dókítà gidi lò ni èyí, kó gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí Eleanor Roosevelt. Ìyàwó Franklin Roosevelt, tó ṣe ààrẹ Amẹ́ríkà láti ọdún 1933 títí tó fi kú lọ́dún 1945, ni obìnrin náà. Òun ló ṣe alága ìgbìmọ̀ tó kọ ìwé ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn tí àjọ ìṣọ̀kan àgbáyé fọwọ́ sí lọ́dún 1948. Lọ́dún 1960, àwọn dókítà sọ fún un pé mùdùnmúdùn egungun rẹ̀ kò ṣe ẹ̀jẹ̀ tó mọ́. Jẹjẹrẹ ẹ̀jẹ̀ kọ́, àìsàn mìíràn ni, ṣùgbọ́n inú ilé kan náà ni àwọn méjèèjì ti ń jà. Nígbà tó di ọdún 1962, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fún un ní prednisone, tó jẹ́ ọmọ ìyá prednisolone, kí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lè gbéra.

Ẹ̀jẹ̀ kò gbéra. Ibà ló dé, ibà tí kò gbọ́ oògùn. Wọ́n gbé obìnrin náà wọ ọsibítù ní New York, wọ́n gbé e jáde, wọ́n tún gbé e padà. Àwọn dókítà rẹ̀ fura sí ikọ́ ẹ̀gbẹ nígbà tó yá, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í fún un ní oògùn rẹ̀, ṣùgbọ́n àyẹ̀wò mùdùnmúdùn egungun tó fìdí ọ̀rọ̀ múlẹ̀ kò jáde àfi níparí oṣù kẹwàá. Ọjọ́ keje oṣù kọkànlá, ọdún 1962, ló kú, ẹni ọdún 78. Nígbà tí wọ́n yẹ òkú rẹ̀ wò, ikọ́ ẹ̀gbẹ ti tàn ká gbogbo inú ara rẹ̀, ó sì jẹ́ irú tí oògùn ìgbà náà kò ràn. Àwọn onímọ̀ tó padà yẹ àkọsílẹ̀ àìsàn rẹ̀ wò gbà pé ó ṣeé ṣe kí kòkòrò náà ti wà lára rẹ̀ láti nǹkan bí ọdún 1919. Ó ti lé ní ogójì ọdún tó ti ń sùn síbẹ̀, kí oògùn tí wọ́n fún un nítorí ẹ̀jẹ̀ tó wá jí i.

Ìyàwó ààrẹ tẹ́lẹ̀ rí ni o. Dókítà tó mọṣẹ́ ló yí i ká. Bí ikọ́ ẹ̀gbẹ bá lè fara pamọ́ fún irú wọn títí wọn kò fi rí i mú lásìkò, kí ló máa ṣe fún ọmọ ọlọ́kadà tó wà ní wọ́ọ̀dù tí nọ́ọ̀sì kan ń tọ́jú ogún èèyàn?

Ọ̀nà tí àìsàn náà ń gbà fara pamọ́ pọ̀. Èkíní ni pé àmì méjèèjì jọra bí ìbejì. Ibà tí kò lọ, òógùn tó ń rin aṣọ lóru, rírù, àárẹ̀, kókó tó ń wú lọ́rùn àti lábẹ́ apá. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tí ikọ́ ẹ̀gbẹ kò ní, kò sì sí ọ̀kan tí jẹjẹrẹ ẹ̀jẹ̀ kò ní. Láàárín àwa Yorùbá, ibà tún ni orúkọ gbogbo ara gbígbóná, nítorí náà oògùn ibà ẹ̀fọn ni aláìsàn yóò ti kọ́kọ́ gbé mì lẹ́ẹ̀mejì tàbí lẹ́ẹ̀mẹ́ta, kí ó tó mu àgbo lé e, kí ẹnikẹ́ni tó ronú kan ohun mìíràn.

Èkejì ni pé àwọn àyẹ̀wò tí wọ́n fi ń mú ikọ́ ẹ̀gbẹ lè parọ́ fún irú aláìsàn yìí. Abẹ́rẹ́ tí wọ́n máa ń gún sí apá láti wò ó bóyá ara mọ kòkòrò náà, àwọn ọmọ ogun ara ló ń mú kí ojú rẹ̀ wú. Bí ọmọ ogun bá ti sùn, ojú abẹ́rẹ́ kò ní wú, wọn á sì ní kò sí nǹkan kan. Fọ́tò àyà náà lè jáde ní mímọ́, nítorí ara tí kò lágbára ìjà kì í fi ojú ìjà hàn. Kẹ̀lẹ̀bẹ̀ ńkọ́? Ọ̀pọ̀ wọn kì í tiẹ̀ wúkọ́ tí wọn yóò fi rí kẹ̀lẹ̀bẹ̀ tu, nítorí ikọ́ ẹ̀gbẹ tiwọn kì í sábà dúró sí ẹ̀dọ̀fóró nìkan. Ó lè wà nínú kókó ọrùn, nínú ẹ̀dọ̀, nínú egungun ẹ̀yìn, nínú awọ tó bo ọpọlọ, tàbí nínú mùdùnmúdùn egungun fúnra rẹ̀. Orúkọ tí a sọ ọ́ ni ikọ́, ṣùgbọ́n ikọ́ kọ́ ló máa ń kọ́kọ́ hù.

Èyí tó ṣòro jù nínú rẹ̀ ni ti oògùn apakòkòrò. Bí ibà bá mú ẹni tí kẹmotẹ́rápì ti pa sẹ́ẹ̀lì funfun rẹ̀, dókítà kò gbọ́dọ̀ dúró. Ojú ẹsẹ̀ ló gbọ́dọ̀ ti bẹ̀rẹ̀ oògùn apakòkòrò tó lágbára, nítorí kòkòrò mìíràn lè pa irú ẹni bẹ́ẹ̀ láàárín ọjọ́ kan. Ìyẹn tọ̀nà. Bí ibà kò bá lọ, wọn á pààrọ̀ oògùn. Bí kò bá tún lọ, wọn á ní bóyá fọ́ńgọ́ọ̀sì ni, wọn á bẹ̀rẹ̀ oògùn tirẹ̀, tó wọ́n bí ojú. Ọ̀sẹ̀ kan á di mẹ́ta. Nínú àwọn oògùn apakòkòrò tí wọ́n ń lò yìí ni levofloxacin àti àwọn ẹbí rẹ̀ wà, wọ́n sì lágbára díẹ̀ lórí ikọ́ ẹ̀gbẹ. Wọn kò ní wò ó sàn, ṣùgbọ́n wọn á tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ fún ìgbà díẹ̀. Ibà á rọlẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan, gbogbo ẹbí á dúpẹ́, ọsibítù á ní oògùn ti ṣiṣẹ́, àìsàn á sì tún dìde lẹ́yìn tí oògùn bá tán. Bí wọ́n bá yẹ kẹ̀lẹ̀bẹ̀ wò lásìkò tí ó rọlẹ̀ yẹn, wọ́n lè má rí i.

Ní Nàìjíríà, ọ̀rọ̀ náà tún le ju bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí kò dìgbà tí èèyàn bá dé ọsibítù kó tó lo irú oògùn bẹ́ẹ̀. Ciprofloxacin àti ofloxacin wà ní gbogbo kẹ́mísì àdúgbò, ẹni tó bá lówó lọ́wọ́ yóò rà á láìmú ìwé dókítà dání. Aláìsàn mìíràn ti lò ó lẹ́ẹ̀mẹrin kó tó mọ̀ pé ẹ̀jẹ̀ ló ń ṣe òun. Nígbà tó bá dé iwájú dókítà, ikọ́ ẹ̀gbẹ inú ara rẹ̀ ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń sá.

Ọ̀rọ̀ náà tún lè yí padà. Àwọn kan wà tó jẹ́ pé jẹjẹrẹ ló ń ṣe wọ́n, ṣùgbọ́n nítorí pé kókó wà lọ́rùn wọn, tí wọ́n sì rù, oògùn ikọ́ ẹ̀gbẹ ni wọ́n gbé fún wọn, tí oṣù mélòó kan sì fi kọjá lọ kí ojú tó là. Àwọn mìíràn tún wà tí ikọ́ ẹ̀gbẹ wọ mùdùnmúdùn egungun wọn, tí iye ẹ̀jẹ̀ wọn dàrú títí tó fi jọ jẹjẹrẹ ẹ̀jẹ̀. Nítorí náà, kò sí ẹni tó ń sọ pé kí dókítà máa méfò. Àyẹ̀wò ni kó ṣe, kó sì ṣe é láìtijú àti láìfi àkókò ṣòfò.

Ewu mìíràn wà tí kò hàn sí ọ̀pọ̀ èèyàn, inú oògùn ló sì wà. Ọdún 2003 ni ọsibítù olùkọ́ni ti Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní Ilé-Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í fún àwọn tó ní irú jẹjẹrẹ ẹ̀jẹ̀ kan tó ń falẹ̀, chronic myeloid leukaemia, ní oògùn imatinib lọ́fẹ̀ẹ́, lábẹ́ ètò ìrànwọ́ iléeṣẹ́ Novartis àti àjọ Max Foundation. Ọ̀jọ̀gbọ́n Muheez Durosinmi, onímọ̀ nípa ẹ̀jẹ̀, ló ṣáájú iṣẹ́ náà níbẹ̀. Ọdún 2001 ni ìjọba Amẹ́ríkà ṣẹ̀ṣẹ̀ fọwọ́ sí oògùn ọ̀hún, tí gbogbo ayé sì ń pariwo rẹ̀, nítorí pé ó sọ àìsàn tó ń pani láàárín ọdún díẹ̀ di èyí tí èèyàn lè máa bá gbé, kó máa ṣiṣẹ́, kó máa tọ́ ọmọ. Láti gbogbo ẹkùn Nàìjíríà ni àwọn aláìsàn ti ń wọkọ̀ wá sí Ifẹ̀, ọjọ́ orí ọ̀pọ̀ wọn sì kéré sí ti àwọn tó ń ní irú àìsàn náà lókè òkun. Ó wà nínú àwọn ohun rere tí ọsibítù ìjọba ṣe nílẹ̀ yìí tí wọn kò pariwo rẹ̀ tó.

Ojoojúmọ́ ni wọ́n ń lo imatinib, ọ̀pọ̀ á sì lò ó fún ọdún gbọọrọ. Wàyí o, kí irú ẹni bẹ́ẹ̀ wá ní ikọ́ ẹ̀gbẹ. Ibùdó ìlera tó sún mọ́ ilé rẹ̀ ni yóò lọ, wọn á sì fún un ní oògùn oṣù mẹ́fà bí ó ṣe yẹ. Rifampicin ni ògúnná gbòǹgbò inú oògùn náà. Iṣẹ́ tí rifampicin sì ń ṣe nínú ẹ̀dọ̀ ni pé ó ń mú kí ẹ̀dọ̀ máa yára fọ́ àwọn oògùn mìíràn túútúú. Ìwádìí fi hàn pé bí èèyàn bá lo méjèèjì pọ̀, imatinib tó yẹ kó wà nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ yóò dín kù ní nǹkan bí ìdá 74 nínú ọgọ́rùn-ún. Aláìsàn náà ń gbé oògùn rẹ̀ mì láràárọ̀, kò fo ọjọ́ kan, ṣùgbọ́n omi inú apẹ̀rẹ̀ ló ń pọn. Ikọ́ ẹ̀gbẹ ń lọ, jẹjẹrẹ ẹ̀jẹ̀ ń padà bọ̀, kò sì mọ̀.

Bẹ́ẹ̀, ohun tó lójútùú ni. Dókítà lè fi kún ìwọ̀n imatinib, kó sì máa ṣọ́ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lemọ́lemọ́, tàbí kí wọ́n fi rifabutin, tí kò le tó rifampicin, rọ́pò rẹ̀. Kò gba iṣẹ́ ìyanu. Ohun tó gbà ni pé kí ẹni tó ń fún un ní oògùn ikọ́ ẹ̀gbẹ mọ̀ pé ó ń lo imatinib, kí ẹni tó ń fún un ní imatinib sì mọ̀ pé ó ti bẹ̀rẹ̀ oògùn ikọ́ ẹ̀gbẹ. Ibí yìí ni ètò ìlera Nàìjíríà ti ń kọsẹ̀. Káàdì ikọ́ ẹ̀gbẹ wà lọ́tọ̀, fáìlì ẹ̀jẹ̀ wà lọ́tọ̀. Ibùdó ikọ́ ẹ̀gbẹ lè wà ní ìjọba ìbílẹ̀ tí aláìsàn ń gbé, kí dókítà ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ sì wà ní ìpínlẹ̀ mìíràn tó jẹ́ pé oṣù mẹ́ta mẹ́ta ló ń lọ rí i. Aláìsàn ló kù tí yóò máa gbé ọ̀rọ̀ láti ọ̀dọ̀ ẹnì kan dé ọ̀dọ̀ ẹnì kejì, ẹnikẹ́ni kò sì sọ fún un pé iṣẹ́ rẹ̀ ni. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ akèrègbè. Bí àwọn méjèèjì kò bá sì bára wọn sọ̀rọ̀, ohun tó wà lórí pẹpẹ á wà níbẹ̀, èyí tó wà nínú akèrègbè á wà níbẹ̀.

Kì í ṣe imatinib nìkan. Vincristine, tó wà nínú oògùn àwọn ọmọdé, a máa ba iṣan ẹsẹ̀ àti ọwọ́ jẹ́. Isoniazid tí wọ́n fi ń tọ́jú ikọ́ ẹ̀gbẹ a máa ṣe irú rẹ̀. Asparaginase a máa ni ẹ̀dọ̀ lára, mẹ́ta nínú oògùn ikọ́ ẹ̀gbẹ sì ń ṣe bẹ́ẹ̀. Gbogbo èyí ni ó ṣeé ṣọ́, bí ẹni tó ń ṣọ́ ọ bá mọ ohun tó ń ṣọ́.

Àwọn kan á sọ pé bí wọ́n bá rí ikọ́ ẹ̀gbẹ lára aláìsàn jẹjẹrẹ ẹ̀jẹ̀, ọ̀rọ̀ ti bùṣe, nítorí jẹjẹrẹ tó ń yára pani kò lè dúró de oògùn oṣù mẹ́fà. Kò rí bẹ́ẹ̀. Àwọn ọsibítù ní Íńdíà, ní Taiwan, ní Turkey àti ní Brazil, níbi tí ikọ́ ẹ̀gbẹ kò ṣàjèjì, ti tọ́jú irú àwọn èèyàn bẹ́ẹ̀, wọ́n sì kọ ọ́ sílẹ̀ pé bí wọ́n bá tètè rí ikọ́ ẹ̀gbẹ náà, wọ́n lè bẹ̀rẹ̀ oògùn rẹ̀, kí wọ́n sì padà sórí kẹmotẹ́rápì láìpẹ́. Ẹni tí wọn kò tètè rí tirẹ̀ ni ewu wà fún jù.

Ohun tó yẹ ní ṣíṣe kò ṣàjèjì sí àwọn ọsibítù wa. Ó ti pẹ́ tí wọ́n ti ń béèrè ohun mẹ́rin lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni tó bá wá sí klíníìkì àwọn tó ní kòkòrò HIV, ní gbogbo ìgbà tó bá wá: ṣé o ń wúkọ́, ṣé ara rẹ ń gbóná, ṣé o ń rù, ṣé o ń làágùn lóru? Ẹni tó bá dáhùn bẹ́ẹ̀ ni sí ọ̀kan, wọn á wá ikọ́ ẹ̀gbẹ lára rẹ̀. Ìbéèrè mẹ́rin yìí ti gba ọ̀pọ̀ ẹ̀mí là, kò sì ná ẹnikẹ́ni ní kọ́bọ̀. Kí ló dé tí ẹni tí jẹjẹrẹ ẹ̀jẹ̀ àti oògùn rẹ̀ ti gba ohun ìjà lọ́wọ́ ara rẹ̀ kò fi lẹ́tọ̀ọ́ sí ìbéèrè kan náà? Ìlànà WHO lórí ikọ́ ẹ̀gbẹ tó fara sin dárúkọ àwọn tó fẹ́ gba mùdùnmúdùn egungun tàbí ẹ̀yà ara mìíràn, ó dárúkọ àwọn tó ń fọ ẹ̀jẹ̀ nítorí kíndìnrín. Ẹni tó kàn ń gba kẹmotẹ́rápì lásán kò sí nínú àwọn tí ó dárúkọ. Orílẹ̀-èdè tí ikọ́ ẹ̀gbẹ rẹ̀ pọ̀ tó tiwa kò yẹ kó dúró dìgbà tí wọ́n bá dárúkọ rẹ̀ ní Geneva.

Àwọn dókítà kan ní kò bọ́gbọ́n mu láti máa fún gbogbo aláìsàn jẹjẹrẹ ẹ̀jẹ̀ ní oògùn ìdènà ikọ́ ẹ̀gbẹ, nítorí ẹ̀dọ̀ wọn ti ru ẹrù tó. Ọ̀rọ̀ wọn lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Ṣùgbọ́n wíwá a yàtọ̀ sí fífún wọn lóògùn. Kò sí ẹ̀dọ̀ tí ìbéèrè ń bà jẹ́.

Ohun kan tiẹ̀ wà tó rọrùn débi pé ó yani lẹ́nu pé kò tíì di àṣà níbi gbogbo. Kí wọ́n tó lè sọ pé èèyàn ní jẹjẹrẹ ẹ̀jẹ̀, wọ́n sábà máa ń ki abẹ́rẹ́ bọ egungun ìdí rẹ̀ láti fa mùdùnmúdùn jáde. Ó máa ń dùn wọ̀ọ̀. Wọ́n tún máa ń ṣe é lẹ́yìn ìtọ́jú, láti wo bí nǹkan ṣe ń lọ. Níwọ̀n ìgbà tí abẹ́rẹ́ ti wọ egungun, tí ibà sì wà tí ẹnikẹ́ni kò mọ orísun rẹ̀, kí ló ń dí wọn lọ́wọ́ láti fi díẹ̀ nínú ohun tí wọ́n fà ránṣẹ́ sí yàrá àyẹ̀wò ikọ́ ẹ̀gbẹ? Àyẹ̀wò yẹn ló padà tú àṣírí lára Eleanor Roosevelt. Nígbà tirẹ̀, ọ̀sẹ̀ gbọọrọ ni wọ́n fi ń dúró de èsì. Lónìí, ẹ̀rọ GeneXpert, tí WHO fọwọ́ sí lọ́dún 2010, ń mú èsì jáde láàárín nǹkan bíi wákàtí méjì, ó sì ń sọ bóyá rifampicin yóò ràn án. Ìgbẹ́ ọmọdé pàápàá ni wọ́n lè fi ṣe é, nítorí ọmọdé kì í tu kẹ̀lẹ̀bẹ̀, gbígbé ló ń gbé e mì.

Ìjọba náà ní tirẹ̀ láti ṣe. Owó ìrànwọ́ òkè òkun ló gbé púpọ̀ nínú iṣẹ́ ikọ́ ẹ̀gbẹ ró ní Nàìjíríà, gbogbo èèyàn ló sì rí bí ara ṣe fu àwọn elétò ìlera nígbà tí ìjọba Amẹ́ríkà dá owó tirẹ̀ dúró lóṣù kìíní ọdún 2025. Ẹ̀rọ tí kò bá ní ohun tí wọ́n ń kì bọ̀ ọ́ lẹ́nu, pákó lásán ni. Bẹ́ẹ̀ náà ni ọ̀rọ̀ bẹ́ǹṣì ọsibítù. Kò yẹ kí ẹni tí kẹmotẹ́rápì ti pa sẹ́ẹ̀lì funfun rẹ̀ máa jókòó láti aago méje àárọ̀ sí aago méjì ọ̀sán láàárín àwọn tó ń wúkọ́, nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀ tí fèrèsé rẹ̀ kò ṣeé ṣí. Kí wọ́n ṣí fèrèsé, kí wọ́n yọ àwọn tó ń wúkọ́ sọ́tọ̀, kò di dandan kí mínísítà wá gé rìbọ́nù kí ìyẹn tó ṣeé ṣe.

Ilé náà kò gbẹ́yìn. Ìtìjú ikọ́ ẹ̀gbẹ ṣì pọ̀ láàárín Yorùbá. Nọ́ọ̀sì á béèrè pé ṣé ẹnikẹ́ni ń wúkọ́ nílé, ìyá ọmọ á ní rárá, bẹ́ẹ̀ ó ti tó oṣù mẹ́ta tí màmá àgbà ti ń wúkọ́ lórí ẹní kan náà tí ọmọ náà ń sùn sí. Wọn kò fẹ́ kí aráalé sọ pé ìdílé wọn ni ikọ́ wà, kí wọ́n má báa pààrọ̀ ife omi fún màmá. Àwọn mìíràn gbọ́ pé abẹ́rẹ́ àjẹsára BCG ń dènà ikọ́ ẹ̀gbẹ, wọn á ní kí wọ́n tún gún un fún ọmọ tó ní jẹjẹrẹ ẹ̀jẹ̀. Kí wọ́n má dán an wò: kòkòrò ààyè ló wà nínú abẹ́rẹ́ náà, ara tí kò ní ọmọ ogun kò lè gbà á. Màmá àgbà ló yẹ kí wọ́n gbé lọ fún àyẹ̀wò.

Àyẹ̀wò ikọ́ ẹ̀gbẹ ọ̀fẹ́ ni ní àwọn ibùdó ìjọba, oògùn rẹ̀ náà ọ̀fẹ́ ni. Ẹbí tó ti ta ilẹ̀, tó ti ta mọ́tò, tó ti yáwó lọ́wọ́ ẹgbẹ́ àti ìjọ kí wọ́n lè ra ẹ̀jẹ̀ àti kẹmotẹ́rápì, èyí ni ohun kan ṣoṣo nínú gbogbo ìtọ́jú náà tí wọn kò ní sanwó fún, òun náà sì ni ọ̀pọ̀ wọn kò tíì rí dókítà kan tó kọ ọ́ sínú ìwé fún wọn pé kí wọ́n lọ ṣe.